Wọ́n Bomi Rin Pápá, Wọn Ò Bu Omi fún Bàbá Oyèkànmí

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Oyèkànmí kú sí pápá kírikẹ́ẹ̀tì ní Fairburn, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó sọ fún wa. Kó tó di ìgbà yẹn, Nàìjíríà àti Gánà ti gbá eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán lórí ilẹ̀ tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́. A jó, a yọ̀, a ń pariwo pé ẹgbẹ́ méjèèjì ò tíì pàdé ní Atlanta rí.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Bàbá. Nígbà èwe rẹ̀, òun náà di báàtì, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mú fún Nàìjíríà níwájú Gánà. Láràárọ̀ ló ń wa mọ́tò láti ilé rẹ̀ ní Redan wá sí pápá, á kúnlẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀. Bó bá rì, á tún padà sídìí rólà tó fi ń tẹ ilẹ̀ kó le. Mo bi í pé kí ló ń dà á láàmú tó báyìí. Ó ní kí bọ́ọ̀lù má bàa ta lu ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ni, ọmọ Gánà náà, ọmọ ẹni ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kú náà, oòrùn oṣù keje ń jó ni. Ìgbìmọ̀ tó ṣètò eré náà háyà ọkọ̀ omi ńlá kí ilẹ̀ má bàa sán. Omi ìgò kún inú kúlà, àwọn àlejò pàtàkì ló wà fún, ẹnìkan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá ní òòyì ń kọ́ òun. Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláfimíhàn, ní kó kúkú parí èyí tó kù, àwọn Gánà ń bọ̀ wá wo ilẹ̀. Ó parí ẹ̀, ó ṣubú. Ṣé wọ́n pe 911? Rárá o. Wọ́n ní ariwo áńbúláǹsì á ba àwọn àlejò lẹ́rù. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, wọ́n tan AC. Ibẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n wá lọ bá Títílọpẹ́, ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá kì í sáré túfọ̀ àgbà, kó jẹ́ ká ṣeré tán. Amẹ́ríkà níhìn-ín ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn dàgbà, kí ló mọ̀? Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé wọ́n kọ́ òun láṣà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé máìkì, wọ́n ní ara Bàbá ò yá, ká gbàdúrà kí ara rẹ̀ tètè yá. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi gan-an ṣe é, mo fi gbogbo ohùn ṣe é. Àmín lórí òkú!

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bàbá ò tilẹ̀ dère lọ́jọ́ tó kú. Àwọn ará Gánà tí à ń bú nígbà eré ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Redan.

Ìgbìmọ̀ ní àwọn á fi orúkọ Bàbá sọ ife ẹ̀yẹ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Títílọpẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tí omi tútù àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìbá ṣe fún bàbá rẹ̀. Ó ní, “Uncle, mi ò fẹ́ ife. Ta ló ní kí wọ́n má pe 911?”

Alága, ẹ̀yin ni àgbà ibẹ̀. Ọmọ olókùú ń bi yín. Ẹ dárúkọ onítọ̀hún. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ dìde níwájú rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́.