Títílọlá àti Ẹ̀rọ Òwú Tó Kọ̀ Tí Kò Yí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Òyìnbó ló tún ẹ̀rọ òwú Ìjẹmọ̀ ṣe láyé ogun Ìjàyè, irọ́ ló pa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú sì máa ń bí mi. Ìyá tó bí bàbá bàbá mi ló tún un ṣe. Títílọlá lorúkọ rẹ̀. Opó ni, òwú ló ń ran, kò kàwé, kò sì rí òkun títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ ni n ó máa pè nínú ìtàn yìí kí ó lè yé yín; ẹ̀yin àgbà ilé wa, ẹ má bínú sí mi.

Lọ́dún náà, àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun. Arúgbó, obìnrin àti ọmọdé ló kù nílé. Ìgbà náà ni oníṣòwò òwú kan yá àdúgbò wa ní ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú. Ṣáájú ìgbà yẹn, orí pákó ni àwọn obìnrin ń tẹ́ òwú sí, wọn a máa yí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí kí kóró lè máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn á ro wọ́n, ọwọ́ á bó, igbá kan ò sì ní kún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àpótí igi ńlá ni ẹ̀rọ yìí. Ọ̀pá irin kan gba inú rẹ̀ kọjá, eyín wẹ́wẹ́ yí ọ̀pá náà ká, ọwọ́ irin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ènìyàn méjì ń dì mú láti fi yí i. Bí wọ́n bá ti ń yí i, kóró á máa dà síwájú, òwú funfun á máa jáde lẹ́yìn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, igbá mẹ́wàá á ti kún.

Olújìmí, baálé agbo ilé wa, ní obìnrin kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Irin ni," ó ní. "Ti Ògún ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ti ogun dé."

Títílọlá wà lórí ìkúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ yín ńkọ́, ṣé igi ni?"

Olúbọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Sàró ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti oko ẹrú padà wálé, òun ni oníṣòwò náà fi ṣe alábòójútó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣòkòtò Òyìnbó ló máa ń wọ̀, á sì dé fìlà gíga kan tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń wò. Ó ní òun fi ẹ̀rọ náà sọ́wọ́ Títílọlá. Olújìmí ní kò burú. "Àmọ́ ọjọ́ tó bá kọ iṣẹ́, àwọn ará àdúgbò Ìkìjà ni a ó gbé e fún. Ẹ̀yin obìnrin á padà sídìí pákó yín, etí mi ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́." Títílọlá gbà bẹ́ẹ̀ níṣojú gbogbo ilé.

Kí Olúbọ̀dé tó lọ, ó gbé ìgò kékeré kan sílẹ̀, ó fi ihò tí ọ̀pá irin náà ń yí nínú rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní, "Ẹ máa fún un ní epo láràárọ̀." Ọjọ́ kẹsàn-án ni ohun inú ìgò náà tán. Títílọlá kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pebi. Inú ìkòkò tirẹ̀ ló ti ń bu epo pupa, ojúlówó epo, ó ń dà á sí ojú ihò láràárọ̀. Fọlákẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ròbó tà, tí wọ́n sì jọ ń yí i, a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Fún un ní ẹ̀rọ̀ o, ẹ̀rọ kì í kọ ẹ̀rọ̀!" Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi jayé orí wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì di ọwọ́ irin náà mú, kò mira. Wọ́n fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, pàbó. Títílọlá rò pé òkúta ti há sáàárín eyín rẹ̀, ó tú gbogbo òwú inú rẹ̀ sílẹ̀, kò rí òkúta kankan. Òfìfo pàápàá, kò yí. Ó rò pé ọyẹ́ ti sán igi rẹ̀, ó fi ìka tọ́ gbogbo ara àpótí náà wò, kò sán. Ó wá bu epo sí i, ó bu ú dáadáa. Ló bá tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Olúbọ̀dé, ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí sí i, ó mi orí. "Màmá, ọ̀pá yìí ti wọ́. Ọ̀túnla ni aláàárù á wá gbé e." Olújìmí dìde nílẹ̀. Ó kàn wo Títílọlá, ó wọlé. Ìwò yẹn dun Títílọlá ju èébú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí oòrùn ti mú, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ojú ń tì í, kò sì lè jẹun. Ó fi ọwọ́ ti ọwọ́ irin náà láìronú. Ó sún. Ó tì í sí i, ó yí, bó tilẹ̀ wúwo. Ó pariwo pe Fọlákẹ́mi wá wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún ti le gbagidi.

"Fọlákẹ́mi," ó ní, "ọ̀pá tó bá wọ́, ṣé oòrùn ló máa ń nà án ni?"

Ó wọ ilé ìdáná lọ se ọbẹ̀, ó ki ṣíbí igi bọ inú ìkòkò epo, ṣíbí náà dúró ṣánṣán. Ọyẹ́ ti mú kí epo dì. Títílọlá gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Ó sáré jáde, ó ti ìka bọ ojú ihò ẹ̀rọ náà, ó wa nǹkan pupa kan jáde tó ki bí ẹ̀kọ tó ti tutù, tí òwú wẹ́wẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní. "Èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi dí i lọ́nà ọ̀fun láràárọ̀."

Fọlákẹ́mi wò yíká. "Pa á mọ́ra. Àwa méjì la mọ̀. Sàró ní ọ̀pá ló wọ́, jẹ́ kí ó wọ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí ẹlòmíràn tún da epo sí òmíràn? Rárá o."

Wọ́n gbé omi eérú kaná títí ó fi hó, wọ́n ń dà á sójú ihò, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ ha á, wọ́n ń fi àkísà nù ún. Omi pupa ń ṣàn jáde títí ó fi wá mọ́ lóló. Ṣùgbọ́n irin gbígbẹ á máa jẹ ara rẹ̀ ni. Epo wo ni kì í dì nínú ọyẹ́? Títílọlá ń rò ó lọ, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára Fọlákẹ́mi. Ẹni tó ń ṣe ròbó tà kọ́ nìyẹn? Kí ẹ̀gúsí tó di ròbó, wọn a gún un, wọn a fún un, òróró inú rẹ̀ a sì jáde pátá. Wọ́n gún ẹ̀gúsí, wọ́n fún un. Títílọlá kò kánjú. Ó da díẹ̀ sínú àwo, ó gbé e sí ìta kí ọyẹ́ fẹ́ sí i mọ́jú. Láàárọ̀, ó gbé àwo náà ní ìdagẹ̀rẹ̀. Òróró ṣàn bí omi, ó sì dà á sójú ihò ẹ̀rọ náà.

Àárọ̀ yẹn náà ni Olúbọ̀dé dé pẹ̀lú aláàárù mẹ́rin. Òtútù ń mú gbogbo ènìyàn. Olújìmí ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé sì ti pé.

"Ẹ kú òtútù o," ni Títílọlá wí. "Ẹ yí i wò kí ẹ tó gbé e."

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé yóò le, ló bá fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i. Ọwọ́ irin náà fò yíká, Sàró tẹ̀ lé e ṣubú, fìlà gíga bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ó dìde, ó tún fi ìka kan yí i, ó ń yí wìrìwìrì.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá bà á jẹ́?"

Fọlákẹ́mi já a léèékánná ní ìtan. Títílọlá gbé orí sókè. "Èmi náà ni. Ẹ ní kí n fún un ní epo. Epo tí mo mọ̀ ni mo fún un. Ọyẹ́ ló wá fi yé mi pé epo tiyín yàtọ̀ sí tiwa." Ó sọ ọ́ tán pátá, láti orí ìkòkò epo dé orí àwo òróró, kò yọ nǹkan kan kúrò.

Olúbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀ nílẹ̀, kò dé e. Ó ní ẹ̀rọ mẹ́ta mìíràn ló ti kọ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ní Ìtokò, ní Ìgbẹ̀yìn àti ní Òkò, òun sì ti sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀pá ló wọ́. "Èmi ni n kò sọ̀rọ̀ yé yín, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn."

Gbogbo ojú yí sí Olújìmí. Bàbá náà ti mú ròbó kan nínú igbá Fọlákẹ́mi, ó ń rún un lẹ́nu. Ó gbé e mì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin aláàárù," ó ní, "ẹ̀rọ kọ́ lẹ ó rù mọ́. Ẹ gbé ìkòkò òróró ìyá yìí, ẹ gbé omi eérú rẹ̀, ẹ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e."

Títílọlá wọlé, ó ró aṣọ tó fi ṣe ìyàwó. Nígbà tó jáde, ó bọ́ síwájú, Sàró tẹ̀ lé e láìdé fìlà, aláàárù mẹ́rin tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ lọ sì ru ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé wọn la Ìjẹmọ̀ já lọ sí Ìtokò. Ọmọ ọmọ ọmọ obìnrin yẹn ni mí, ẹ má tún sọ pé Òyìnbó ni níwájú mi.