Àlejò Inú Yìnyín Alhaji Bùsàrí

Ọjọ́ tí Alhaji Bùsàrí fẹ́ sin pírótíìnì ni gbogbo Bódìjà mọ orúkọ rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹlẹ́ja lásán ni. Ó ní ilé yìnyín kan níwájú ilé rẹ̀, níbi tí ó ti ń ta títù, kòtè àti ṣáwá ní páálí páálí.

Dókítà Olúkẹ́mi Ògúnlẹ́yẹ dé ibẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ láti wá mú nínú ẹrù tó fi pamọ́ síbẹ̀. Àpótí kékeré kan ni ẹrù náà, àwọn ike tín-tìn-tín ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ike kọ̀ọ̀kan ò tó omi ojú eèrà. Pírótíìnì ni, èròjà inú ara tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ó má pín mọ́. Ilé ìwádìí kékeré kan ní Àgbowó ni Olúkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Tiransifọ́mà wọn ti jó. Bí pírótíìnì náà bá gbóná, ó bàjẹ́. Òmíràn ò sì sí, àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí èyí tó máa ti òkè òkun wá. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbé e fún ẹlẹ́ja.

Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó Alhaji, ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Mama. Baba ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sin ín."

"Sin kí ni?"

"Nǹkan yín yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Níyìolúwa tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wá síbí láàárọ̀. Bàbá Kaosarah bi í pé pírótíìnì kí ni. Ó ní ti ènìyàn ni. Ara wọn ò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ní ẹ̀yà ara ọmọ Ádámọ̀ ò gbọdọ̀ sùn láàárín kòtè. Wọ́n ti gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí."

Olúkẹ́mi fò lé ọ̀kadà. Nígbà tó dé mọ́ṣáláṣí, kúlà yìnyín kan wà nílẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Àwọn ọkùnrin ti tò sẹ́yìn Alfa Ikrimah. Ṣùgbọ́n ìrun òkú náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, torí Alfa béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Alhaji, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Wọn ò sọ fún mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàdúà fún un? Àdúà ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin."

"Ẹ ṣe méjèèjì."

"Kò sí méjèèjì!"

"Baba, ẹ jọ̀ọ́!" Olúkẹ́mi ti bọ́ sílẹ̀. "Kò sí ẹni tó kú!"

"Dókítà," ni Alhaji bi í, "ṣé ti ènìyàn ni àbí ti ènìyàn kọ́?"

"Ti ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọ́ lára ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú ìlànà tí ara wa fi ń ṣe é, wọ́n fi sínú kòkòrò kan tí ojú ò lè rí. Kòkòrò yẹn ló ṣe é."

Alhaji yíjú sí Alfa. "Ìyẹn ni pé kòkòrò ni ìyá rẹ̀, ènìyàn ni bàbá rẹ̀."

"Bí bàbá bá ti jẹ́ ènìyàn . . ." Alfa Ikrimah ti ń ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè.

Olúkẹ́mi gbé kúlà, ó sá.

Ẹ̀bá títì ló ti ṣí i. Yìnyín kún un dé ẹnu. Àpótí tó wà láàárín rẹ̀ le bí òkúta. Alhaji bá a níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí lẹ rò, Dókítà? Mi ò lè sin ẹnikẹ́ni lọ sí ọ̀run, kó ti yọ́ kó tó débẹ̀."

Wọ́n jọ gbé e padà sílé yìnyín. Bí Alhaji ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìnyín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, àdúgbò pé jọ láti gbọ́ ohun tó rí. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù wọn dára púpọ̀.

Ọjọ́ tí Olúkẹ́mi kọ́kọ́ gbé ẹrù náà wá, Alhaji ò tètè gbà á. Ó ní òun kì í gba àlejò tí òun ò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró, Baba, bí ẹni tó ń darí mọ́tò ní oríta Challenge."

"Ṣé wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀?"

"Bó bá ti di jẹjẹrẹ, wọn kì í gbọ́."

"Bíi ti Challenge náà nìyẹn."

Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Olúkẹ́mi ka lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára àpótí. Alhaji mi orí. Ó ní nọ́ńbà mọ́tò nìyẹn, orúkọ kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dúró.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹlẹ́ja ló mọ̀ pé bí páálí ẹja bá ti dì pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbé e sókè, tí wọ́n ń là á mọ́lẹ̀, kí ẹja lè tú. Alhaji ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé mọ́, Dúró ń sinmi. Àárín títì ni àwọn obìnrin ń gbé páálí lọ, wọ́n á sì là á mọ́lẹ̀ gbàà. Ọlọ́pàá kan tó ń kọjá rò pé ìjà ni, ó dúró, ó wá là á.

Bàdírátù tó ń ta ìrẹsì ní Ring Road gbọ́ nípa àlejò náà.

"Alhaji, wọ́n ní ẹ ní nǹkan tó ń dá ara dúró tí kò fi ní máa pọ̀ sí i. Ẹ wo ikùn mi. Ẹ bá mi sọ fún un."

Alhaji wo ikùn náà dáadáa.

"Mi ò bá ti sọ fún un. Kò gbọ́ Yorùbá."

Nígbà tí wọ́n tún tiransifọ́mà Àgbowó ṣe, Olúkẹ́mi wá kó ẹrù rẹ̀. Alhaji dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní iná tó ti dalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé irú iná bẹ́ẹ̀ ni kí òun fa àlejò òun lé lọ́wọ́? Olúkẹ́mi gbà. Ìgbàkúùgbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á wá mú ike kan, á fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀sán kan wà tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ méjèèjì sì kọ̀. Alhaji ò pariwo. Ó kó ẹja jáde nínú fírísà tó dára jù, ó kó gbogbo yìnyín ilé rọ̀gbà yí Dúró ká, ó sì jókòó lé fírísà lórí títí mẹkáníìkì fi dé. Àwọn ẹja yọ́. Ó ní kí wọ́n pín wọn fún àdúgbò. Gbogbo òpópónà ń rùn fún ẹja díndín.

Àbẹ̀ḿbí dúró tì í, ó káwọ́ lérí. "Bàbá Kaosarah! Gbogbo ẹja yìí, torí ohun tí ò tó omi ojú eèrà?"

"Ẹja wà lókun, Àbẹ̀ḿbí. Dúró ò sí lókun."

Nígbà tí Olúkẹ́mi gbọ́, ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Alhaji ní kó dìde, ilẹ̀ tutù.

Ọjọ́ tí ó kú, ó kírun Àsárì tán, ó jókòó sórí páálí òfìfo níwájú ilé yìnyín, kò dìde mọ́. Ike kan ṣoṣo ló kù nínú àpótí Dúró. Kò sì sí iná ní Bódìjà.

Olúkẹ́mi ń sunkún bọ̀ lọ́nà. Ojú ń tì í, torí bó ṣe ń rántí Baba ló ń rántí ike náà. Ó ń rò ó pé ta ni yóò ráyè fírísà nílé ọ̀fọ̀? Kò tíì dé ìloro tó fi gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ké. Wọ́n ti sin Baba tán. Ilé kún. Alfa Ikrimah ń ṣàdúà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

"Ìyá Kaosarah, ẹ bá wa pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná!"

"Ẹ gbóhùn sókè, Alfa," ni Àbẹ̀ḿbí sọ. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ni mo ti tàn án. Bí mo bá pa á, Bàbá Kaosarah máa padà wá."

Ẹnìkan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó dáwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Alfa pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, Olúkẹ́mi mú ike tó kù yẹn. Ó kán an sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ní ìpínkúpìn-ín. Kí ó tó lọ fi ẹ̀rọ wò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀: "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ dúró." Níyìolúwa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú.

Ó gba Bódìjà lọ lọ́jọ́ tí èsì jáde. Àbẹ̀ḿbí ń ta kòtè. Obìnrin kan ń la páálí mọ́lẹ̀ ní àárín títì, kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti lè là á nínú ilé.

"Mama, wọ́n dúró. Mo sọ fún wọn ní Yorùbá, wọ́n sì dúró."

Àbẹ̀ḿbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nù ún.

"Bàbá Kaosarah máa ń bá Dúró sọ̀rọ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù," ló wí. "Èmi rò pé ẹja ni wọ́n ń bá wí."