Ògiri Tí Hewitt Ní Kí Wọ́n Má Tíì Bò

"Má tíì bo ògiri yẹn o. Mo ń bọ̀."

Ohun tí Hewitt sọ fún Dorsey kẹ́yìn nìyẹn. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti sọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ti ń dún, kò tilẹ̀ wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìṣó ló fẹ́ lọ rà. Wọ́n ní nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta igi, ó fọwọ́ ti òkìtì pákó bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, ó rọra jókòó, kò sì dìde mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá ìsàmì Dorsey ni Hewitt Arceneaux. Omi ló gbé baba tó bí Dorsey lọ nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Hewitt sì mú un sọ́dọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Edé ni Hewitt ń pa tẹ́lẹ̀, bíi gbogbo ọkùnrin tó wà létí odò Sable, ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ò ti le tó láti di òkú mú. Nígbà tí edé ò mówó wá mọ́, ó mú òòlù. Ó jókòó ṣe ìdánwò agbaṣẹ́ṣe ti ìjọba, ó fìdí rẹmi; ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi. Òun àti ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tó wá yege, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sára awẹ́ irin òòfà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà ń bá a lọ.

Bí ẹnì kan bá wá gbé iṣẹ́ fún un, kì í bọ onítọ̀hún lọ́wọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì ìjọba. "Ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá olè ni mí." Inú máa ń bí àwọn arúgbó tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń rákò. Wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló kọ́ àwọn ní ọbẹ̀ ilá, kí ni àwọn fẹ́ pe ìjọba sí? Á ní kí wọ́n ṣáà pè. Ó ní lẹ́yìn ìjì, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní àkàbà, agbaṣẹ́ṣe ni.

Ó tún ní àṣà kan. Àwọn ará ibẹ̀ ló ni ín, àmọ́ òun ni kì í jẹ́ kó yẹ̀. Kí wọ́n tó fi pátákó bo ògiri, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan ilé náà á mú pẹ́ńsù, á kọ orúkọ sára igi tó wà nínú ògiri: onílé, oníná, púlọ́ńbà. Àwọn kan ń kọ àdúrà, àwọn kan ń kọ ìsọkúsọ. Hewitt ló máa ń kọ tiẹ̀ kẹ́yìn. Á wá ní, "Ó dáa, ẹ bò ó." Bí kò bá tíì sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ìṣó.

Ilé Màmá Odile Chaisson ni wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó kú. Ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀, omi sì ti wọ inú rẹ̀ dé ìgbáròkó. Hewitt ti gbé ilé náà sókè sórí òpó, ó ti pààrọ̀ àwọn igi tó jẹrà, wáyà àti páìpù sì ti wà nípò wọn. Ó ku kí wolé-wolé ìjọba wá wò wọ́n, kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó bo ògiri. Opó ni Màmá Odile. Ilé onítáyà kan tí ìjọba yá a ló ń gbé nínú àgbàlá ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wo ilé rẹ̀ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó fi í sílẹ̀ lọ. Ìjọba sì ti ní àwọn á wá wọ́ ilé onítáyà náà lọ níparí oṣù kẹsàn-án. Bí ilé ò bá tíì parí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Texas ló ń lọ. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá kó lọ sí Texas ní ọjọ́ orí tòun, inú pósí ló ń bá padà.

Wọ́n sin Hewitt. Lọ́jọ́ kejì, Dorsey padà sí ilé Màmá Odile, ó jókòó sórí garawa, kò ṣe nǹkan kan.

Ìwé àṣẹ kì í ṣe bàtà tí ọmọ lè jogún. Ọjọ́ tí Hewitt kú ni nọ́ńbà rẹ̀ kú. Dorsey lè kan ìṣó, ó lè gbé igi dúró kó má wọ́, àmọ́ kò lè pe wolé-wolé, kò sì lè dúró fún ilé ẹnikẹ́ni. Àfi kí Màmá Odile gba agbaṣẹ́ṣe mìíràn tó ní ìwé àṣẹ.

Wọ́n wá a. Dorsey ń tẹ fóònù, màmá ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ò gbé e rárá. Ẹnì kan ní ó di lẹ́yìn Kérésìmesì. Ẹnì kan wá, ó wo òpó, ó wo òrùlé, ó ní òun kì í parí iṣẹ́ òkú. Òmíràn wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, bàtà rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ ń dán. Màmá Odile ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà náà ń bọ̀ lọ́nà.

"Ẹ máa lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà," ni màmá wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ó rẹ Dorsey. Ó ń sùn, àárẹ̀ náà ò lọ. Bó bá jí, òun náà ló kọ́kọ́ ń kí i.

Tully, oníná tó fa wáyà ilé náà, ló gbé ọgbọ́n kan wá. Ó ní orí fóònù ni wọ́n ti ń pe wolé-wolé, ẹ̀rọ ló ń gbé e, nọ́ńbà nìkan ló sì ń béèrè. Nọ́ńbà Hewitt ṣì wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ̀rọ kì í lọ síbi ìsìnkú," ni Tully wí. Kí wọ́n ṣáà wá wo ògiri, kí màmá wọlé rẹ̀. Ta ló máa pa lára?

Dorsey ní rárá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀, Màmá Odile ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé onítáyà, orúnkún rẹ̀ wú. Kò pariwo. Ó ní kí Dorsey gbé kọfí fún òun, kó sì yé wo orúnkún òun bíi pé òkú ajá ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Dorsey wọ inú ọkọ̀ Hewitt, ó tẹ fóònù. Kò wo ilẹ̀kùn. Láti kékeré ló ti mọ nọ́ńbà náà lórí bí àdúrà. Ẹ̀rọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí òun àti Tully ò rò ni pé wolé-wolé kan ṣoṣo ló wà létí odò Sable, òun sì wà lára àwọn tó gbé pósí Hewitt.

Wilbert Theriot lorúkọ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. Kò wo wáyà, kò wo páìpù.

"Ta ló pè mí?"

Dorsey gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ní Hewitt ló pè mí. Mò ń jẹun lọ́wọ́, mo rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù. Mo dìde, mo wọ bàtà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Èjìká tí mo fi gbé e ṣì ń dùn mí, ọmọ yìí." Ó jókòó sórí garawa Dorsey. "Tí mo bá fọwọ́ sí i, tí wáyà wá jó ilé yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni màmá fẹ́ mú? Sàréè?"

Nígbà tó dìde, ó ní òun á sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé ẹ̀rọ ṣàṣìṣe. Ó wá sọ pé obìnrin kan wà lókè odò, Renella Voisin, ẹnu rẹ̀ mú bí ayùn, àmọ́ ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, ó sì máa ń gbé fóònù.

Màmá Odile ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé onítáyà. Nígbà tí Dorsey sọ̀ kalẹ̀, kò bá a jà.

"Tí o bá tún fẹ́ pe òkú," ó ní, "bá mi pe ọkọ mi. Kó wá sọ ibi tó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn sí."

Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Dorsey mú. Ó ní òun lè lọ sí Texas. Òun ò lè wọ ilé tí wọ́n fi orúkọ Hewitt purọ́ kọ́.

Renella dé lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kúkúrú, orí rẹ̀ kún fún ewú. Kò tíì kí màmá tán tí Dorsey fi béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Dorsey pe ọ́fíìsì níṣojú rẹ̀, ó kà á fún wọn, ó ní kí wọ́n sọ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́. Renella fara ti òpó, ó ń wò ó.

"Ọmọ Hewitt ni ọ́ lóòótọ́," ó ní.

Ó yẹ gbogbo oríkèé igi wò, ó ní kí Dorsey tú ìdè páìpù kan, kó tún un dè. Dorsey tún un dè. Renella ní kó máa bọ̀ níṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Renella ló fi nọ́ńbà tirẹ̀ pe wolé-wolé. Wilbert wá, ó wo wáyà, ó wo páìpù, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ò tíì wá wọ́ ilé onítáyà nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa bo ògiri, pẹ́ńsù ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Màmá Odile kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Tully ya mànàmáná. Renella kọ tirẹ̀, Dorsey náà kọ tirẹ̀. Màmá ní kó kọ ti Hewitt sí i. Ó gbé pẹ́ńsù náà sún mọ́ igi, ó dúró, ó sì gbé e kúrò.

"Òun ló máa ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀," ó ní.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀. Nígbà tó padà, awẹ́ irin òòfà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tòun ti orúkọ, tòun ti nọ́ńbà. Ó gbé e sáàárín igi méjì, níbi tó máa jẹ́ ẹ̀yìn ibùsùn màmá, ó kan ìṣó mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó sún sẹ́yìn.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ bò ó."

Renella àti Tully gbé pátákó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn ti lọ, Dorsey pọn omi sínú garawa, ó gbé e lọ síbi ọkọ̀. Oòrùn ti ṣá ilẹ̀kùn náà, àmọ́ ibi tí orúkọ náà wà tẹ́lẹ̀ ṣì dúdú minijọ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Eruku ti ṣù jọ yí etí rẹ̀ ká. Dorsey ki aṣọ bọnú omi, ó fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.