Àbúrò Mi Tó Ń Kó Òkú Ẹyẹ

Iṣẹ́ tí àbúrò mi ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn fi ń yangàn. Òkú ẹyẹ ló ń kó létí adágún ẹ̀yìn ilé mi, pẹ́pẹ́yẹ igbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Á wọ ìbọ̀wọ́, á kó wọn sínú ọ̀rá, á gbé wọn lọ síbi àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn ẹyẹ ló pa wọ́n. Baba Olókùú làwọn ará àdúgbò ń pè é. Kò níyàwó, kò bímọ. Ọkọ tèmi náà ti kú, àwọn ọmọ ti lọ. Àwa méjèèjì la kù fún ara wa.

Èmi ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, ọ̀ọ́dúnrún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹyẹ igbó ò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà adìẹ, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ló sì ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ìgbà wo ni ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún máa pé? Inú ọgbà kan náà nilé mi wà, nítorí náà, ọdún méjì gbáko ni ọmọ ìyá mi fi dúró lẹ́yìn géètì.

Mo le, n ò ní purọ́. Tó bá ti fọwọ́ ba géètì, màá ní, "Sún sẹ́yìn." Màá gbé búrẹ́dì àti ẹyin rẹ̀ sórí àpótí, màá kúrò níbẹ̀ kó tó wá mú un.

Á máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, àbí àwọn adìẹ yìí ló fẹ́ yín sílé?"

Nígbà tí ibà ń ṣe é, n ò lọ bẹ̀ ẹ́ wò, torí pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nílé rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti kí i. Ó ní ara òun ti yá. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé irọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bá adìẹ mọ́kànlá nílẹ̀, wọ́n ti kú. Orí àwọn míì ti wú, ogbe wọn ti dúdú. Mo pè é, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Bàtà rẹ ló kó àrùn yìí wá." Kò bá mi jà. Ó ní òun ń bọ̀.

Òun àti àwọn méjì láti ọ́fíìsì rẹ̀ ló dé, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìbomú, láti wá pa gbogbo adìẹ tó kù. Bó ṣe gba géètì yẹn wọlé nìyẹn, lẹ́yìn ọdún méjì. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi, omi wo ni wọ́n ń mu?"

Mo nàka sí adágún. Omi ẹ̀rọ kì í tètè dé, ti adágún sì mọ́ lójú, àràárọ̀ ni mo ń fi garawa pọn ọ́n fún wọn. Mo ń lé ọmọ ìyá mi sẹ́yìn, mo sì ń fọwọ́ ara mi gbé àrùn wọlé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ká ní mo jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré ni, ì bá ti rí garawa yẹn.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pa àwọn adìẹ náà, tí wọ́n sin òkú wọn tán, tí wọ́n fín oògùn, àwọn yòókù lọ. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé. "Ṣé mo lè wọlé báyìí?"

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹkún ò jẹ́. Adìẹ kan ò kù mọ́ tí mo lè torí ẹ̀ dá a dúró. Mo yà fún un. Ó ní kí n jókòó, òun á po tíì fún mi. Ó wọ ilé ìdáná, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó wá ń bi mí ibi tí mo ń kó ife sí.