Jíìpù Tó Ń Kúnlẹ̀ Fún Mi

Nínú gbogbo ohun tó ti wọ inú ẹbí ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, jíìpù ọmọ mi nìkan ló kúnlẹ̀ fún mi rí. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ mi á tẹ bọ́tìnnì kan, mọ́tò náà á mí kanlẹ̀, á rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì dúró dè mí títí n ó fi gbé ìbàdí mi tó ń ro mí sórí àga. Bí mo bá jókòó tán, á tún dìde. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé bí mo bá rí i. Mọ́tò yìí ní ẹ̀kọ́ ilé.

Mo mọ baba rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, irú jíìpù yìí kan náà ni àwọn ọ̀gá ìjọba máa ń gbé wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wa wò. Onígun mẹ́rin ni, bí àpótí, ó sì le bí pátákó. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì, gbogbo egungun rẹ̀ ni yóò máa dá a lóhùn. Èyí tí ọmọ mi rà, wọn ò yí ìrísí àpótí yẹn padà púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti di pálọ̀. Àga rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹni. Ojú gíláàsì kan wà níwájú awakọ̀ tó ń fi ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò hàn án, bí ẹni pé bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Bí ó bá wọ inú omi, á máa sọ bí omi náà ti jìn tó. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ń fúnra rẹ̀ wà á. Ẹnjiníà ni, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo nínú òkun.

Àbúrò ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúpẹ́ náà ń bọ̀, kí ẹ má kánjú.

Ọkọ mi ní ọkọ̀ ńlá kan tó ní ẹnjìnnì, èyí tí wọ́n fi ń pẹja lójú òkun ní Aráròmí. Nígbà tó kú, aṣọ ọ̀fọ̀ kò tíì kúrò lára mi tí àbúrò rẹ̀ yìí ti tú ọkọ̀ náà kúrò níbi tó wà, tó so ó mọ́ tirẹ̀. Mo lọ bá a. Ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò gbójú sókè. Mo ju ọkùnrin yìí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nítorí náà “ẹ̀yin” ni mo ń pè é, “ìwọ” ni òun ń pè mí.

Mo ní, “Ọkọ mi, ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.”

Ó ní, “Ìyàwó wa, ìwé lo kà. Lọ máa wa ìwé.”

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, èyí kò sì sí lára àwọn ohun tó ń bà mí nínú jẹ́.

Mo kó lọ sí Mahintẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti fún mi ní kíláàsì, mo sì tọ́ ọmọ mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò kúrò ní Aráròmí. Ìlú kan náà ni àwa méjèèjì lọ́kọ sí, òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí a jẹ́ ìyàwó tuntun, a máa ń rìn kí a tó dé etí òkun. Láti ìgbà náà òkun ni ó ń rìn wá bá wa. Ó jẹ ilé ẹ̀kọ́, ó jẹ ibi tí wọ́n ti ń tajà, ó jẹ ìtẹ́ òkú. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n mi rọ, ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni ìgbì ń fọ. Kò lè gun ọ̀kadà. Wọ́n fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà mì, ó ké, wọ́n dá a padà sílé. Ó ní òun ò ní kú sáàárín èbúté àti ọkọ̀ bí ẹrù tí wọ́n jù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò rẹ̀ pè mí pé ilé ìdáná ti lọ. Yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn ló kàn. Ọmọ mi wà nílé fún ìsinmi. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan.

“Màmá, ẹ wọ bàtà yín.”

Títì gbé wa débi tó lè gbé wa dé. Ìyókù, etí òkun ni ọ̀nà. Ìgbà tí òkun bá fà nìkan ni mọ́tò lè gba ibẹ̀, nítorí iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì. Bí omi bá padà, ọ̀nà ti parí nìyẹn. A ní láti gbé ẹ̀gbọ́n mi kí a sì jáde kí òkun tó yí ọkàn padà. Ọmọ mi wakọ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Omi ń tàn lápá kan, àgbọn tó ti wó ń bẹ lápá kejì, àga mi sì ń ra mí lẹ́yìn. Mo gbàdúrà fún ẹni tó ronú ṣe irú àga bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ta la bá níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi? Àbúrò ọkọ mi ni, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń pàṣẹ. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo kí i. Ó yí jíìpù náà po.

“Ìyàwó wa, mọ́tò lo pe èyí? Pálọ̀ olówó ni. Ó dára fún títì ọlọ́dà Àkúrẹ́. Iyanrìn wa á bọ́ ọ láṣọ.”

Mo ní, “Ọkọ mi, ó ti gba orí iyanrìn yín dé ibí.”

“Láìsí ẹrù ni o.”

Ọmọ mi ti wọlé lọ múra fún ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí a fi máa gbé e jáde, ọkùnrin yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù sí búùtù. Ó kó ọlọ, odó, àpótí, irin tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń yan ẹja, àti àpò gàrí síbẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀ ó gbé ìdákọ̀ró irin kan lé e, ó sì fi ẹní ẹ̀gbọ́n mi bò ó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tí ẹrù kò bá sí nídìí rẹ̀, imú ni yóò fi gún ìgbì. Ìdí ọkọ̀ ni a ń dẹ́rù sí kí imú lè gbéra. Ọkọ̀ ló mọ̀ dì láti kékeré, ó sì di mọ́tò bí ọkọ̀.

Mọ́tò àtijọ́ ì bá ti jókòó lórí ìdí rẹ̀, a ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ afẹ́fẹ́ síra, á gbé ìdí sókè, á sì dúró gbọọrọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Kò jẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé ẹrù wúwo fún òun. Èmi náà gbé ayé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ mi wò ó, ó rí i pé ó dúró dáadáa, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.

A ò tíì kọjá ibi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gòkè sí tí táyà ẹ̀yìn fi wọlẹ̀. Ọmọ mi tẹ iná, ó tún wọlẹ̀ sí i. Ojú gíláàsì náà fi hàn wá ketekete bí iyanrìn ti ń gbé wa mì. Ìgbì ti ń sún mọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé a ti dé ni?”

Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ló wá dé tí omi fi wà níbí?”

Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn. Ó ká ẹní kúrò, ó ní, “Ta ló fi ìdákọ̀ró sínú mọ́tò?”

Àbúrò ọkọ mi ti ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó ní, “Ọkọ̀ wo ló ń rìn láìní ìdákọ̀ró?”

“Bàbá, gbogbo ẹrù ló wà lórí táyà ẹ̀yìn. Mọ́tò kì í gbé imú.”

Apẹja kan tó jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ ní, “Àgbà ti dákọ̀ró fún pálọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, mo ti ń dúró de ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n omi ti kan táyà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti di ọwọ́ mi mú.

Àbúrò ọkọ mi wo mọ́tò, ó wo òkun. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ ohun tí òun ṣe. Ó bọ́ fìlà, ó ká ṣòkòtò, ó sì pe gbogbo wọn. “Ẹ dìde. Ẹ mú igi wá.”

Bí ọkọ̀ apẹja bá ti ojú òkun dé, igi róbótó ni wọ́n ń tò sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á so okùn mọ́ imú rẹ̀, ẹnì kan á máa dá orin, àwọn tó kù á máa gbè, wọ́n á sì fà á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún jíìpù. Wọ́n kó ẹrù sílẹ̀. Ọmọ mi tú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kí ó lè tẹ́ lórí iyanrìn, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé mọ́tò dé góńgó. Mọ́tò dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbúrò ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sínú omi, ó ti igi bọ abẹ́ táyà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ló dá orin. Ohùn rẹ̀ ti ha, ṣùgbọ́n wọ́n gbè é. Lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n fà á, táyà mú igi, ó gùn ún, a sì bọ́ sórí iyanrìn líle.

Mo sọ gíláàsì kalẹ̀. Omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, iyanrìn kún etí rẹ̀. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ ṣé gan-an.”

Ó ní, “Ẹ máa lọ. Omi ò ní dúró gbọ́ ìkíni.”

A lọ. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí òkun gbé yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn, àti ògiri, àti àjà. Òun ti wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó ń ráhùn pé bẹ́ẹ̀dì mi rọ̀ jù àti pé pupurú tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ní Mahintẹ̀dó kò dà bí ti Aráròmí. Ìráhùn rẹ̀ dùn mọ́ mi létí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ronú pé ó yẹ kí mọ́tò mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ àti bí a ti ń dìde.

Ní ti àbúrò ọkọ mi, mi ò gbàgbé ohun tó ṣe fún opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mi ò sì ní díbọ́n pé mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbàdúrà fún un, ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, á sì dákẹ́ láàárín àdúrà títí mo fi dáhùn. Mo ń ṣe àmín. Ohùn mi kì í ròkè púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ń ṣe é.