Àǹtí Tó Ń Kí Gbogbo Ilé

Mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa kí n má rántí ohùn Àǹtí tó ń gbé òkè kejì. Ilé bíríkì àtijọ́ ni, ní Toronto. Gbogbo àwa tí à ń gbé ibẹ̀ la jọ ni ín. Bí Àǹtí bá rí òyìnbó tó ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ojú máa ń tì mí.

“Àǹtí, wọn ò gbọ́ Yorùbá.”

“Wọ́n ṣáà mọ̀ pé mo rí wọn.”

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ilé náà, kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì kọ́ kọ́ńdò, ilé gogoro ìgbàlódé, síbẹ̀, a ṣèpàdé. Ọ̀pọ̀ wa ti fẹ́ gbà. Àǹtí dìde, wọ́n kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí bàbá òyìnbó tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú: “Ẹ kú ara fẹ́ra kù.” Wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wá pé, “Níbi tí ẹ ń kó lọ, ta ló máa mọ ohun tó yẹ kó kí yín fún?”

A ò ta ilé.

Àǹtí ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Whitby. Lánàá, mo ń gbé àpò ìrẹsì gòkè, mo ń mí hẹlẹ. Bàbá òyìnbó yẹn ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”