Ihò Afẹ́fẹ́ Ilé Ìdáná Wa ní Bódìjà

Èéfín ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, inú ilé ìdáná wa ní Bódìjà ni mo ti máa ń dín ṣinṣín tí mò ń gbé fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Àgbowó. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò, èéfín sítóòfù kì í rí ibi gbà jáde. Ikọ́ fée mi wá le débi pé dókítà ní kí n fi ìdáná sílẹ̀ pátápátá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an.

Ọkọ mi kò bá mi sunkún. Ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé ló ti ń tún ẹ̀rọ tó ń fa eruku síta ṣe, ó ní ohun tó ń fa eruku lè fa èéfín. Ó tẹ páànù bí àrọ tí a fi ń da kẹrosíìnì, ó dojú rẹ̀ dé sókè sítóòfù, ó wá so páìpù páànù mọ́ ọn títí kọjá òrùlé. Ó dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa gba ibẹ̀ wọlé, kó máa ti èéfín lọ sókè. Lákọ̀ọ́kọ́, páìpù náà rí kọ́lọkọ̀lọ, èéfín ń padà sí wa lójú. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó gbé e lọ sókè tààrà, kò ráhùn rárá. Ká ní èmi ni, màá ti da páànù yẹn sígbó! Nígbà tí mo tan sítóòfù, èéfín gòkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò síná lọ́jọ́ náà, fáànù kankan ò yí. Mo ń wo ọkọ mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ọyẹ́ dé, ìyá ọkọ mi náà sì wá bá wa gbé díẹ̀ láti Àpáta. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi padà. Ọkọ mi gun òrùlé, kò rí nǹkan kan nínú páìpù. Ló bá tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ó ń gbé e kiri ilé ìdáná láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Èéfín rẹ̀ dúró sójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ihò ìsàlẹ̀: gèlè ìyá rẹ̀ ló dí i pa.

"Èmi ni mo dí i," ni Màmá wí. "Ṣé o fẹ́ kí òtútù wọ ìyàwó mi láyà ni? O ò gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́?"

Inú bí mi, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọkọ mi ṣẹ́jú sí mi.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ọyẹ́ yìí le lóòótọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi páànù ṣe ìlẹ̀kùn kékeré tó ṣeé fà sí ẹnu ihò náà. Ó gbé àpótí sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì fi kọ́ìlì lé wọn lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ̀yin ni kí ẹ máa bá mi mójú tó o. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Bí èéfín yìí bá ti ń tẹ̀ lọ sábẹ́ páànù, ó ti tó."

Màmá fà á, wọ́n wò ó. Wọ́n tún fà á. Èéfín kọ́ìlì yí kúrò lójú wọn, ó tẹ̀ lọ sókè.

"Èmi ni mo wá ń fún un lọ́rùn láti ọjọ́ yìí?"

Màmá ṣí ihò náà tán, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi láyà.

"Mí, ìyàwó mi," ni wọ́n wí.

Mo mí.

"Tún mí."